Nọ́ọ̀sì lé ìyá mi síta, ó sì dóòlà ẹ̀mí ìyàwó mi: ṣé ọpẹ́ la máa gbé lọ àbí ẹjọ́?

ÌBÉÈRÈ, láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ọmọ Tuntun, Mararaba

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà nínú ilé wa. Mararaba là ń gbé, ṣùgbọ́n ọsibítù ìjọba kan nínú Abuja ni ìyàwó mi ti bí àkọ́bí wa lóṣù tó kọjá. Ọmọ jáde, ó ké, gbogbo wa dúpẹ́. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyàwó mi. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́ fún un ní ògì gbígbóná mu, wọ́n sì ń gbàdúrà sókè. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ Hausa wọlé, ó já kọ́ọ̀bù gbà lọ́wọ́ ìyá mi, ó pariwo mọ́ wọn, "Mama, fita! Fita!", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó yọjú sí èmi náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìgò kékeré tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sáré gbé e lọ sí láàbù. Mo bi í pé kí ló dé, kò dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyàwó mi yè. Ó ní nọ́ọ̀sì yẹn kò gbé ọwọ́ kúrò lára òun, pé "sannu, sannu" ("pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́") ló ń sọ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ó fẹ́ ká gbé ẹ̀bùn lọ fún un. Ìyá mi ní ẹ̀bùn kankan kò ní ti inú ilé yìí jáde fún ẹni tó fi àgbà wọ́lẹ̀, pé nọ́ọ̀sì tó láàánú kì í ti ìyá arúgbó síta bí ajá, pé ńṣe ló yẹ ká lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

* * *

Bàbá Ọmọ Tuntun, o kú oríire. Kí ìyàwó rẹ náà kú ewu, ewu iná kì í pa àwòdì. Ọlọ́run á wo ọmọ náà fún yín.

Mi ò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ìyàwó rẹ ló jàre. Àmọ́ ọwọ́ tó ní nọ́ọ̀sì kò gbé kúrò lára òun yẹn, jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe, torí mo rí i pé gbogbo òǹkàwé tó ti fèsì sí lẹ́tà rẹ rò pé ńṣe ló di ọwọ́ aláìsàn mú láti tù ú nínú. Rárá o. Orí ikùn ni ọwọ́ yẹn wà. Ó ń tẹ ilé ọmọ, ó ń rà á, ó sì dájú pé ó dun ìyàwó rẹ gan-an.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ibi ọmọ bá já kúrò lára ilé ọmọ, ojú ibi tó ti já yẹn, egbò ni, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun kan ṣoṣo tó ń dí wọn ni kí ilé ọmọ sún kì, kó le koránkorán, kó fi ẹran ara rẹ̀ fún àwọn iṣan náà pa. Tí kò bá sún kì, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà ni. Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó ìdajì lítà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó ni ìyá ọmọ ní?

Nítorí náà, láàárín ìgbà tí ilẹ̀kùn wà ní pípa dé, nọ́ọ̀sì yẹn á ti ra ikùn, á ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì, á ti fi omi sí i lápá, á ti fa ìtọ̀ jáde (àpò ìtọ̀ tó bá kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ le), á ti yẹ ibi ọmọ wò bóyá ó pé, á sì ti wò bóyá ojú ara ya. Ìgò tó fún ọ yẹn, kí wọ́n lè mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó máa bá ti ìyàwó rẹ mu ni. Ìwọ fúnra rẹ wà lára ìtọ́jú náà, o kàn ò mọ̀ ni.

Ti kọ́ọ̀bù ògì ńkọ́? Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ló kù. Ẹni tí ògì kún inú rẹ̀ tí wọ́n wá fún ní oògùn oorun, ògì yẹn lè gòkè kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí Màmá bá ti lè fún un mu tán, ó ṣeé ṣe kí ohun tó máa pa á jẹ́ méjì.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé láàárọ̀ yìí. Ẹ pọ̀ o.

Àwọn kan ní báwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù ìjọba ṣe rí nìyẹn, pé igbe ni iṣẹ́ wọn. Ìyá Ìbejì, ní Nyanya, ní wọ́n gbá òun lẹ́sẹ̀ nígbà tí òun ń rọbí, wọ́n sì bi òun pé nígbà tí òun ń gbádùn, ṣé òun pè wọ́n sí i. Àwọn kan ní ẹ̀yà ló fà á, pé tó bá jẹ́ Yorùbá ni, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Àwọn tó kù ń jà lórí bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ìyá ọkọ wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí rárá. (Ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo rí i pé ẹ ti rí ibi tu ìtọ́ ọjọ́ pípẹ́ sí.)

Mi ò gba ti ẹ̀yà rárá. Kano ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe agbẹ̀bí kí n tó kó wá sí Kubwa fẹ̀yìn tì, àárín àwọn Hausa ni mo sì ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àwa náà ò ju ìyẹn lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá tó ń fẹnu bó èèyàn lára, mo mọ̀ wọ́n, ẹ ò ní fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ti Ìyá Ìbejì ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí àwọn èèyàn ń pa á pọ̀ mọ́ ti Màmá Mararaba, wọn ò sì jọra. Ẹni tó pariwo "jáde" kí yàrá lè ṣófo kó lè ráyè ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ ló ga. Ẹni tó gbá aláboyún lẹ́sẹ̀ tó tún bú u, ìwà burúkú ló hù, kò sí pàjáwìrì kankan tó máa wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé a gbọ́dọ̀ ṣe ìtọ́jú èèyàn pẹ̀lú iyì. Ìyá Ìbejì, ìwọ ló yẹ kó fẹjọ́ sùn. Àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní tábìlì SERVICOM, àjọ ìjọba tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú, láti 2004 ni wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀. Kọ ọjọ́, kọ wákàtí, kọ wọ́ọ̀dù. Tí o kò bá mọ orúkọ nọ́ọ̀sì, wákàtí tó o kọ ni wọ́n máa fi mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ti ìyá ọkọ: ìyá tó ń rọbí ló ni ẹni tó bá fẹ́ kó dúró ti òun, ìyá ọkọ ni o, ìyá ìyàwó ni o, ọkọ fúnra rẹ̀ ni o. Èmi fara mọ́ ọn pé kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ á balẹ̀, ìrọbí á sì yá. Wàhálà tó wà nílẹ̀ yìí ni pé ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, bẹ́ẹ̀dì bíi mẹ́rin ló wà nínú yàrá kan láìsí aṣọ ìkélé, nítorí náà ẹni tó wá dúró ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ á máa rí ìhòòhò ìyàwó ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni òfin "ẹ dúró síta" ti wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya, àfi ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó ti délẹ̀, mo mọ̀ pé ó máa dé.

Arákùnrin kan láti Lugbe ní nọ́ọ̀sì náà rú òfin ọsibítù, pé ẹni tí kò sanwó káàdì kò yẹ kó gba oògùn, àti pé òun mọ ibi tí wọ́n ti yọ owó oògùn bẹ́ẹ̀ lára owó oṣù nọ́ọ̀sì. Ẹlòmíì fèsì fún un pé ìyẹn gan-an ni àánú, kí nọ́ọ̀sì fi owó ara rẹ̀ ra oògùn fún aláìsàn.

Àwọn méjèèjì ni mo takò.

Ìwọ ará Lugbe, òfin orílẹ̀-èdè ju òfin ọsibítù lọ. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 20, ní kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn ₦100,000 lé e, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n tí kò ní ju oṣù 6, tàbí méjèèjì. Ti ẹni tí ìbọn bà tilẹ̀ ní òfin tirẹ̀, 2017 ni, pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní wọn kì í tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ má wá sọ fún mi pé ẹni tó tẹ̀ lé e ló jẹ̀bi.

Òfin yẹn kò sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni o. Ìtọ́jú ló ń ṣáájú, owó ń tẹ̀ lé e. Bàbá Ọmọ Tuntun fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó béèrè owó. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń yin nọ́ọ̀sì tó ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn, ẹ rọra. Mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́, èèyàn rere ni wọ́n. Àmọ́ aláìsàn kẹta lóṣù ni owó wọn máa ń tán, ti ẹ̀kẹrin ńkọ́? Wọ́ọ̀dù tó bá létò ní kọ́bọ́ọ̀dù pàjáwìrì: abẹ́rẹ́, omi, okùn omi, ìbọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀ tó ìlò ẹnì kan tàbí méjì. Bí wọ́n bá lo ó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹbí aláìsàn á san án lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì dá a padà kí àwọn tó máa gba iṣẹ́ tó dé. Ẹni tó ń rí sí i pé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kò ṣófo, tó ń bá ọ̀gá sitọ́ọ̀ jà lórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni èmi ń pè ní aláàánú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn kankan kò ní mọ̀ ọ́n.

* * *

Ọmọ Ọ̀fà ní Kano béèrè ohun tó dára. Ó ní: ìyàwó ọkùnrin yìí kò pariwo, ìyá rẹ̀ náà kò pe ẹnikẹ́ni, báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe mọ̀ pé kó wọlé?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Àwa Yorùbá, tá a bá ń rọbí, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́, a ó pe orúkọ ìyá wa, a ó pe ti bàbá wa, a ó fi ọkọ ré. Nígbà tí mo dé Kano, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ìdákẹ́jẹ́ wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Obìnrin Hausa tó ń bí àkọ́bí lè má mí kanlẹ̀ títí orí ọmọ á fi yọ. Kunya ni wọ́n ń pè é, ìtìjú tí wọ́n fi ń mọ ọmọlúàbí. Àwọn Fúlàní tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya á, kò ní sọ. Á fa aṣọ bora, á kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì tó bá jókòó sídìí tábìlì tó ń retí ariwo, òkú ló máa bá.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lápá ibí kì í dúró de ariwo. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á dé ìdí bẹ́ẹ̀dì: á fọwọ́ kan ikùn bóyá ilé ọmọ le, á ka bí ọkàn ṣe ń lù, á wọn ìfúnpá, á ká aṣọ sókè wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wọlé bá ìyàwó Bàbá Ọmọ Tuntun, kì í ṣe pé ẹ̀mí gbé e wá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ ló pé.

Ojú lásán pàápàá máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú aṣọ àti fóòmù, ìdajì rẹ̀ lèèyàn máa rò pé ó dànù. Ẹ wo ìwádìí E-MOTIVE tó jáde ní 2023. Ọsibítù 80 ni wọ́n ti ṣe é, ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kano sì wà lára àwọn tó darí ti Nàìjíríà. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀rá tó ní àpò àti ìlà ìwọ̀n, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa kán síbẹ̀ kí nọ́ọ̀sì sì fojú ara rẹ̀ kà á. Bó bá ti tó 500 mílílítà, wọ́n á ṣe gbogbo ìtọ́jú pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìràkùn, abẹ́rẹ́, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, omi, àyẹ̀wò. Wọn kì í dán ọ̀kan wò kí wọ́n tó mú èkejì. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yíya tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú tó ti ibẹ̀ wá, tá a bá kà wọ́n pọ̀, fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹ sì gbọ́ èyí: níbi tí wọn kò ti lo ọ̀rá náà, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ya ni àwọn òṣìṣẹ́ rí. Ìdajì yòókù wà níwájú wọn, wọn ò rí wọn. Níbi tí wọ́n ti lo ó, wọ́n rí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ rí ìdí tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì fi kún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè dáhùn "kí ló dé?"

* * *

Arábìnrin tó kọ̀wé láti Kaduna, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kú àfẹ́kù o. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kó sì wo àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀.

Fún àwọn tí kò rí i: àbúrò rẹ̀ bímọ sí kíníkì aládàáni kan. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń pe aláìsàn ní "olólùfẹ́ mi", ó ń bá a ya irun, ó ní kí ẹbí jẹ́ kó sùn, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Àbúrò yìí ń yán, ó ń làágùn tútù, ó ń sọ pé òkùnkùn ń bo òun lójú. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe wọ́n. Nígbà tí dókítà dé, tó ká aṣọ, fóòmù ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ká má sọ ọ̀rọ̀ ohùn jẹ́jẹ́ fún òun mọ́ láyé.

Àwọn kan sọ fún un pé àkókò ló tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kò ká aṣọ wò.

Nọ́ọ̀sì yẹn lè jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ṣeé ṣe kó ti sunkún nígbà tí aláìsàn kú. Èmi ò lè pe ohun tó ṣe ní ìtọ́jú, nítorí ohùn dídùn tí kò bá ní ọwọ́ nídìí, ìyá àti ẹbí ló ń tàn jẹ, ó ń mú kí wọ́n má figbe ta nígbà tó yẹ kí wọ́n figbe ta. Nítorí náà, ẹ̀yin tó bá wà níbi ìbí, ohun tí ẹ lè fojú ara yín rí nìyí. Bí páàdì tàbí aṣọ bá rin gbingbin láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti pọ̀ jù. Bí ìyá bá ń làágùn tútù, tó ń yán ṣáá, tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀, tí ètè rẹ̀ funfun, tó ní ojú ń ṣú òun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó sùn. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ká aṣọ yìí wò nísinsìnyí." Bí kò bá dìde, ẹ pe ẹlòmíì. Bí ẹ bá sì pariwo nígbà náà, èmi wà lẹ́yìn yín.

Gbígbé ọmọ sọ́mú lẹ́yìn ìbí náà ń mú ilé ọmọ sún kì. Àmọ́ ìyẹn kò lè dá ẹ̀jẹ̀ tó ti ń ya dúró, ẹ má fi rọ́pò abẹ́rẹ́.

* * *

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kó lọ sí ìlú òyìnbó ló fa gbogbo èyí: díẹ̀ ni. Ní 2024 ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kí wọ́n tó lè bá wọn jẹ́rìí ìwé sí òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ń tọ́jú wọ́ọ̀dù odidi lóru, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á di wákàtí. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sọ́dọ̀ ejò o. Mi ò lè ṣe kí n má dá ẹni tó kọ̀wé láti Gombe lóhùn, torí ó jọ ti Màmá Mararaba.

Ó ní ejò bu alágbàṣe òun jẹ lóko. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ń wo aago. Kò gún un lábẹ́rẹ́ kankan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ ò lù ú. Paramọ́lẹ̀ kékeré kan tó pọ̀ ní Òkè Ọya, oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú ló ń ṣe: ẹ̀jẹ̀ inú gíláàsì tó mọ́, tí a kò gbọn, tí a kò mì, tí kò bá dì lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, oró ti wọ ara, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn apa-oró. Oògùn yẹn wọ́n, ó ṣọ̀wọ́n, òun fúnra rẹ̀ sì lè dá wàhálà sílẹ̀ lára ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ẹ̀yin ará Gombe ṣá ní Kaltungo nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹni tí ejò bù jẹ lọ láti àwọn ìpínlẹ̀ yí ká. Ẹ má fi okùn di ẹsẹ̀ pinpin, ẹ má fi abẹ sín in. Ẹ fi igi tì í kó má mira, kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Àmọ́ o, gbólóhùn kan ni nọ́ọ̀sì yẹn ìbá fi tù yín lára: "Mò ń dúró wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yìí á dì." Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ìyẹn máa gbà á? Ìgbà tó ń wo aago, ẹnu rẹ̀ ṣófo.

Ìyẹn ló gbé mi padà sí Mararaba. Ẹ ti ń retí kí n sọ ẹ̀bi nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ ní mò ń gbè sẹ́yìn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó dáa. Ẹ̀bi kan wà níbẹ̀, kì í sì ṣe ti pé ó pariwo. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, tí ìyá ọmọ ti ń mí dáadáa, kò jáde wá bá ìyá àti ọkọ tó dúró síta lóru. Ìgbà náà ló yẹ kó wá, kó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀mí ìyàwó yín ló wà lọ́wọ́ mi, ògì yẹn lè pa á lára." Àgbà wo ló máa gbọ́ èyí tí kò ní gbàdúrà fún un? Bó bá sì jẹ́ pé aláìsàn mìíràn ló tún pè é, ó yẹ kó rán ẹlòmíì. Oṣù kan ni Màmá ti ń gbé ìbínú yìí kiri, kò sì tíì sí ẹni tó ṣàlàyé fún un.

* * *

ÌBÉÈRÈ PADÀ, Bàbá Ọmọ Tuntun

Ẹ ṣeun mà. Mo ka ìdáhùn yín sí ìyá mi létí. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ògì lè pa èèyàn. Wọ́n ní àwọn á bá wa lọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àwọn. Kí ni ká gbé dání? Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi ₦20,000 sínú àpòòwé.

* * *

Má wulẹ̀ ṣèyọnu, ọmọ Hausa ni, á kí Màmá kí Màmá tó lanu, á sì tún kúnlẹ̀.

Ẹ má gbé àpòòwé lọ. Ohun tó ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ni, owó tí ẹ bá sì fi lé e lọ́wọ́ á kó o sí ìyọnu lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀, á sì kó ẹni tó máa bímọ lọ́la sí ìyọnu pẹ̀lú. Ẹ kọ lẹ́tà. Ìyàwó rẹ ni kó kọ ọ́, kó sọ ọjọ́, wákàtí, wọ́ọ̀dù, ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe. Kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì náà. Inú fáìlì rẹ̀ ni ìyẹn ń wọ̀, wọ́n á sì rí i lọ́jọ́ ìgbéga. Ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé kí wọ́n máa rán ẹnì kan jáde sí ẹbí lẹ́yìn pàjáwìrì. Bí Màmá bá ta kú pé àwọn ò lè lọ lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n ra ọṣẹ àti báàlì ìbọ̀wọ́ kan fún wọ́ọ̀dù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé wọn.

Ẹ má lọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ má sì lọ ní ọ̀sán gangan tó jẹ́ pé gbogbo ọ̀nà Nyanya á ti dí kẹ́ ẹ tó délé.

Ìwọ gan-an, bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí ìyàwó rẹ lára, ẹnì kan ló fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, yà sí bánkì ẹ̀jẹ̀, kí o dá tìrẹ padà. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kò ní pa ọ́ lára, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dín okun rẹ kù, ohun yòówù kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa sọ. Kí ìyàwó rẹ náà má gbàgbé àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti pé. Bó bá tún lóyún, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ni kó ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ya òun nígbà àkọ́kọ́, torí ó lè tún ṣẹlẹ̀. Kó má bí i sílé, kó má sì bí i sí ibi tí kò ní bánkì ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kí ibẹ̀ súnmọ́ ilé tó.

Ẹni tó ń béèrè nípa ọmọ tó ń gbọ̀n rìrì nítorí ibà, mo ti rí tìrẹ. Gbé e lọ sí ọsibítù báyìí, má dúró de èsì mi.